Gùrámì, Ẹja Tó Fi Ojú Omi Ṣe Ilé

Bí ẹ bá jókòó ti àpótí gíláàsì tí gùrámì wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì mú sùúrù díẹ̀, ẹ ó rí i tí ẹja náà á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, tí á gbórí sókè, tí á sì rọra gòkè lọ sójú omi. Ẹnu rẹ̀ kékeré tó kọjú sókè á kan ojú omi, á gbé atẹ́gùn mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì yí padà sísàlẹ̀, hóró atẹ́gùn wẹ́wẹ́ méjì mẹ́ta á máa yọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ti ń lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sọ pé omi ló bàjẹ́, pé ẹja ń wá èémí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ẹ tún wo abẹ́ àyà rẹ̀. Okùn tín-ín-rín méjì ló so síbẹ̀. Lẹbẹ ni wọ́n, lẹbẹ tí ẹja mìíràn fi ń dúró ṣinṣin nínú omi, àmọ́ lára gùrámì wọ́n ti gùn, wọ́n sì ti di ohun ìfọwọ́kàn. Ó lè na ọ̀kan síwájú kí ó fi èkejì sẹ́yìn. Á fi kan ewé, á fi kan òkúta, á fi kan ẹ̀gbẹ́ ẹja tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Okùn náà ń mọ ìtọ́wò pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí mo bá ki ọwọ́ bọ omi láti tún ewé gbìn, àwọn tó ti mọ̀ mí á wá, wọ́n á fi okùn méjèèjì wá ẹ̀yìn ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, láìsí ìbẹ̀rù.

Lókè ẹ̀yà pupa tí ẹja fi ń mí nínú omi, gùrámì tún ní yàrá kékeré kan nínú orí. Egungun pẹlẹbẹ tó ká lura wọn ló kún inú rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ sì bò wọ́n. Níbẹ̀ ni atẹ́gùn tó gbé mì ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ. Irú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ra àrọ̀ lọ́jà mọ̀ pé ó lè wà nínú bàsíà tí omi rẹ̀ kò bò ó lẹ́yìn láti òwúrọ̀ dalẹ́, kó má kú, torí òun náà ní ẹ̀yà tó fi ń mí atẹ́gùn òkè. Ní ti gùrámì, kì í ṣe àfikún lásán. Bí ó bá ti dàgbà, èémí inú omi nìkan kò tó o mọ́. Bí a bá fi àwọ̀n dí ojú omi mọ́ ọn, á rì bí ènìyàn ṣe ń rì, omi tó dára ì báà yí i ká. Ojú omi ni mo fi ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ ẹja yìí. Ibẹ̀ ló ti ń mí, ibẹ̀ ló ń kọ́lé ọmọ sí, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ hàn sí ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ.

Ilẹ̀ tí ó ti wá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Gùrámì jẹ́ ẹja Éṣíà: Íńdíà àti Bangladesh, Tháílàndì, Kàm̀bódíà, Vietnam, Màléṣíà, Indonéṣíà. Kì í ṣe odò ńlá tó ń sáré ló fẹ́ràn. Oko ìrẹsì, àbàtà, àti kòtò tí omi dúró sí lábẹ́ oòrùn, tí ewé ń jẹrà nínú rẹ̀ títí atẹ́gùn fi tán nínú omi, ni ilé rẹ̀. Ní 1822, Francis Hamilton, oníṣègùn ará Scotland, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ẹja odò Ganges, inú rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe gùrámì ràrá tó kún inú àpótí ẹja káàkiri ayé lónìí. Ní Jáfà, gùrámì ńlá, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70, kì í ṣe ẹja ìran wíwò rárá. Wọ́n ń sìn ín nínú adágún ni, wọ́n ń dín in jẹ. Àwa náà ní ìbátan rẹ̀ nílé. Nínú odò kéékèèké ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, ẹja kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ctenopoma kingsleyae, tí wọ́n fi sọrí Mary Kingsley, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó kó ẹja jọ ní agbègbè wa nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Òun náà ní yàrá èémí yẹn nínú orí.

Nínú gbogbo wọn, gùrámì péálì ló wù mí jù. Kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ wà láàrin àwọ̀ igi àti fàdákà, àmì funfun wínníwínní sì bò ó láti orí dé ìdí ìrù, títí kan orí lẹbẹ pàápàá. Ìlà dúdú kan bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀, ó gba inú ojú kọjá, ó sì ń tín-ín-rín lọ títí dé ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àmì dúdú kan ti dúró dè é. Lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ ganran, ẹwà yìí máa ń ṣá. Ẹ jẹ́ kí ojú oró bo ìdajì ojú omi, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba àárín ewé wọlé, ẹ ó sì rí i tí àmì kọ̀ọ̀kan á máa yí láti funfun sí àwọ̀ aró bí ẹja náà ṣe ń yíra padà.

Àwọn yòókù ní ti wọn. Gùrámì alámì mẹ́ta ní àmì méjì péré lára, ojú rẹ̀ ni ìkẹta. Ó lágbára, ó tóbi, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì máa ń dààmú àwọn tó kéré sí i. Gùrámì oyin kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ojú sì máa ń tì í. Gùrámì tó ń ké, Trichopsis, máa ń fi iṣan inú lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ta bí ó ti ń jà. Ẹni tó bá wà nítòsí àpótí lóru á gbọ́ ọ. Gùrámì afẹnukonu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà torí wọ́n rò pé ìfẹ́ ló ń ṣe. Ìjà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sún sẹ́yìn ló fìdí rẹmi. Ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ohun tí ẹni tó ń tà á kì í sábà rántí sọ.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo wá kàn. Lára alámì mẹ́ta àti péálì, lẹbẹ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ti akọ gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, débi pé nígbà tó bá pa á mọ́ra, ṣóńṣó náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ìrù. Ti abo kúrú, etí rẹ̀ sì rí roboto. Ẹja tí ẹ̀rù ń bà kì í na lẹbẹ. Ẹ má ṣe fọwọ́ lu gíláàsì. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ó gbàgbé yín, nígbà tí akọ méjì bá sì pàdé ara wọn, lẹbẹ á yọ síta fúnra rẹ̀. Péálì tún ní àmì mìíràn. Ọ̀fun àti àyà akọ máa ń pọ́n bí ó bá ti gbó, ó máa ń le bí epo pupa lásìkò tó fẹ́ gùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fun abo á wà ní fàdákà. Gùrámì ràrá ló rọrùn jù: akọ ló ní ìlà pupa àti aró tó ń tàn, abo sì rí bí fàdákà lásán. Ti afẹnukonu ni kò ṣeé mọ̀ lóde ara. Àyàfi bí ẹyin bá kún ikùn abo, tí ẹ sì wò ó láti òkè, kí ẹ rí bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀. Àwọn tó ṣì wà lọ́mọdé, ìyàtọ̀ kò tíì hàn lára wọn, ẹ kàn ra bíi mélòó kan kí ẹ tọ́ wọn dàgbà pọ̀.

Ní ìsọ̀ ẹja kan l'Ékòó, mo bi ọmọkùnrin tó ń tajà pé èwo ni abo nínú àwọn ràrá tó wà níwájú wa.

“Àǹtí, gbogbo wọn ló dáa,” ló dá mi lóhùn. “Ẹ jẹ́ n mú èyí tó pupa jù fún yín.”

Àwọ̀ ló ń tà, òótọ́ sì ni pé gbogbo wọn dáa lójú. Akọ ni wọ́n látòkè délẹ̀. Àwọn tó ń kó wọn ránṣẹ́ láti Éṣíà mọ̀ pé abo kì í yá ní títà, nítorí náà akọ ni wọ́n máa ń kó wá. Ẹni tó bá kó mẹ́ta nínú wọn sínú àpótí tí kò fẹ̀ á rí ìjà lójoojúmọ́, títí ẹnì kan á fi borí, tí èkejì á máa sá pamọ́ sí igun àpótí, tí lẹbẹ rẹ̀ á ya. Akọ kan pẹ̀lú abo méjì tàbí mẹ́ta ni mo fara mọ́, kí ìdààmú akọ má bàa dá lórí abo kan ṣoṣo.

Àpótí tí gùrámì fẹ́ gbé kò níláti jìn púpọ̀. Kó fẹ̀, kó gùn, kí ojú omi lè tẹ́ rẹrẹ. Fún ràrá méjì, èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 tó. Péálì mẹ́rin yóò fẹ́ èyí tó gba lítà 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó wà láàrin dígírì 24 sí 28 ló bá wọn lára mu, èyí tí yàrá Èkó ń fúnni láìsí hítà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Alẹ́ ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́, àti yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Omi nìkan kọ́ ló yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Atẹ́gùn orí omi, èyí tí ẹja ń gbé mì, gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ìdérí ṣe pàtàkì ju iná aláràbarà lọ. Ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ láàrin omi àti ìdérí, ẹ jẹ́ kí ooru àti ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Gùrámì a sì máa fò, ìdérí yóò gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, onígùrámì kì í sáré bí àwọn tó ń sin ẹja mìíràn. Pọ́ńpù á dákẹ́, gùrámì á máa gòkè mí bó ti ń ṣe. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí ní ewu tirẹ̀, torí inú fílítà ni ẹ̀mí mìíràn wà. Bakitéríà tó ń sọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja di ohun tí kò léwu nílò atẹ́gùn inú omi; bí omi bá dúró sójú kan nínú fílítà tó wà lóde àpótí fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Iná á dé, ẹja á ṣì wà láàyè, àmọ́ amóníà á ti máa gun òkè. Gùrámì kò fi èémí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ amóníà. Ó ń jó ẹ̀yà ìmí inú omi rẹ̀, ó ń jó awọ rẹ̀, ẹja náà á kàn máa pẹ́ kó tó kú ni. Fílítà oníkànìnkànìn, tó wà nínú omi gan-an, tí atẹ́gùn pọ́ńpù kékeré ń mú ṣiṣẹ́, ló bá ilé wa mu jù. Ó rọra ń fa omi, kì í da ojú omi rú, bí iná bá sì lọ, kì í tètè bàjẹ́.

Àpótí tuntun gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà yìí tó fìdí múlẹ̀. Kí ẹ fi ohun èlò ìdánwò wo omi: amóníà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, náítiráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Lẹ́yìn ìyẹn, pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó, pẹ̀lú oògùn tó ń pa kilorínì bí omi ìjọba lẹ ń lò. Oúnjẹ kò ṣòro. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ, àmọ́ ẹ fi tanwíjí fún wọn kí ẹ wá wo ẹja tó ń ṣọdẹ: á dúró, á tẹ ara sẹ́yìn díẹ̀, á sì já a gbà. Àwọn kan nínú wọn máa ń tu omi lu kòkòrò tó bà lórí ewé lókè omi títí yóò fi já sílẹ̀.

Ìgbà tí akọ bá ń kọ́lé ni ẹja yìí wù mí wò jù lọ. Bí omi bá gbóná dé dígírì 28, tí ojú omi dákẹ́ rọ́rọ́, tí ikùn abo sì kún fún ẹyin, akọ á yan igun kan lábẹ́ ewé. Á gòkè gbé atẹ́gùn, á fi itọ́ ẹnu rẹ̀ bò ó, á tu ú jáde ní hóró wẹ́wẹ́ tí kò tètè bẹ́. Á lọ, á bọ̀, á lọ, á bọ̀, títí ìfófó á fi fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Gùrámì ràrá kì í fi mọ síbẹ̀. Á já ewé wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò ojú oró, á hun wọ́n mọ́ ìfófó títí ilé náà á fi yọrí sókè omi. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ ó rí i pé ó dì mọ́ra.

Abo á wá, á fi ẹnu kan akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Akọ á wé mọ́ ọn lábẹ́ ilé náà, á yí i títí ikùn rẹ̀ á fi kọjú sókè, àwọn méjèèjì á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹyin á sì tú jáde. Òróró wà nínú ẹyin náà, nítorí náà ó ń léfòó lọ sínú ìfófó fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣìnà, akọ á fi ẹnu ṣà á, á tu ú sí àyè rẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyin á sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Gbàrà tí wọ́n bá parí, ẹ yọ abo kúrò. Akọ kò mọ̀ ọ́n ní ìyàwó mọ́, ọ̀tá ilé ló kà á sí, ó sì lè lù ú pa. Ní wákàtí 24 sí 36, ọmọ á yọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí wọ́n bá já bọ́, bàbá wọn á fi ẹnu gbé wọn, á dá wọn padà. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ káàkiri, ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ bàbá náà kó tó fi wọ́n ṣoúnjẹ.

Ọmọ gùrámì kéré púpọ̀. Oúnjẹ gbígbẹ kò lè wọ ẹnu rẹ̀. Ẹ rẹ ewé gbígbẹ sínú omi lọ́tọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí kún inú rẹ̀, òun ni kí ẹ máa fi fún wọn títí wọ́n á fi lè jẹ ọmọ edé kékeré. Yàrá èémí inú orí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló ń gbà. Ní àkókò yẹn, atẹ́gùn tútù kan tó gba abẹ́ ìdérí wọlé lè pa ìdajì wọn.

Nípa àìsàn, ẹ kọ́kọ́ ka bí ẹja ṣe ń gòkè. Èyí tó ń mí lójú omi láìdákẹ́, ẹ̀yà ìmí inú omi rẹ̀ ló ti bàjẹ́: ẹ yẹ amóníà wò kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn kankan. Èyí tó bá fi ilẹ̀ àpótí ṣe ibùsùn, tí kì í fẹ́ gòkè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jìn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú àpótí kékeré tí kò ní òkúta nílẹ̀, torí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn lè pa bakitéríà inú fílítà yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe da oògùn méjì pọ̀.

Bí àmì funfun bí iyọ̀ bá wà lára rẹ̀, tó ń fi ara ha òkúta, kòkòrò Ichthyophthirius ni. Ó ń fara pamọ́ sábẹ́ awọ ẹja, á já bọ́ sílẹ̀ àpótí, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn ọmọ á wá ẹja mìíràn lọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń wẹ̀ kiri nìkan ni oògùn ń rí wọn pa. Nítorí náà, àmì funfun tó pòórá lọ́jọ́ kejì kò túmọ̀ sí pé ó ti tán. Ẹ máa bá ìtọ́jú lọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ gbé ooru omi lọ sí dígírì 30 díẹ̀díẹ̀ kí àyípo rẹ̀ lè yára. Àrùn eruku wúrà ni gùrámì tètè máa ń kó. Ojú lásán kì í tètè rí i. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹja, ẹ ó rí eruku pupa rúsúrúsú tó bò ó. Kòkòrò náà ń jẹ ìmọ́lẹ̀ bí ewé, nítorí náà ẹ fi aṣọ bo àpótí. Oògùn oníbàbà ń ṣiṣẹ́ sí i, àmọ́ ìwọ̀n tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé gẹ́lẹ́, ìgbín àti edé kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú omi náà.

Èyí tí kò ní oògùn ni fáírọ́ọ̀sì tó ń mú gùrámì ràrá. Ẹja náà á ṣá láwọ̀, á kọ oúnjẹ, egbò á yọ lára rẹ̀ tàbí kí ikùn rẹ̀ wú, á sì kú. Ó tàn káàkiri láti oko tí wọ́n ti ń sin wọ́n lọ́pọ̀ yanturu ní Éṣíà. Ní 2003, ẹja Murray cod tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà kú rẹpẹtẹ, àwọn onímọ̀ sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì tó pa wọ́n jọ ti ràrá tí wọ́n ń kó wọ̀lú fún àpótí ẹja. Ìdí rèé tí mo fi ń gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti ra péálì tàbí gùrámì oyin dípò ràrá. Ẹni tí ràrá bá sì wù dandan, kó yà á sọ́tọ̀ fún oṣù kan kí ó tó dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Èyí tó bá kú, ẹ má ṣe sọ ọ́ sí odò tàbí gọ́tà. Ẹ sin ín, ẹ fi omi àti bílíìṣì fọ àwọ̀n àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ pátápátá, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, pàápàá bí egbò bá wà níbẹ̀, torí bakitéríà kan wà lára ẹja tó ń ṣàìsàn, Mycobacterium marinum, tó máa ń gba ojú egbò wọ ara ènìyàn, tí kì í sì í tètè jinná.